Àgbéyẹ̀wò: Ìrìn-àjò fọ́tò ọjọ́ kan sí ọgbà àjàrà ní Stellenbosch, South Africa

5:15 ìdájí ni wọ́n kọ sínú rìsíìtì pé ọkọ̀ máa wá gbé wa ní Cape Town. 7:05 ló yọ. Ẹni tó bá ń ya ọgbà àjàrà á ti mọ ohun tá a pàdánù. Lóṣù Kejì tí ìkórè ń lọ lọ́wọ́, nǹkan bí 6:30 loòrùn ń yọ níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ wákàtí àkọ́kọ́ yẹn ló máa ń fẹ̀gbẹ́ wọ inú poro, tó ń gba ẹ̀yìn ewé yọ. Nígbà tá a fi débẹ̀, ojú ewé ti ń kọ funfun báláú.

Mo pe ọ́fíìsì wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Lákọ̀ọ́kọ́, sún kẹrẹ fà kẹrẹ ni. Lẹ́ẹ̀kejì, dírẹ́bà ló sùn gbàgbé. Lẹ́ẹ̀kẹta, arábìnrin tó gbé fóònù bi mí pé, "Ṣé oòrùn ti wọ̀ ni?"

Polarizer, gíláàsì tí wọ́n ń dé mọ́ ojú lẹ́ǹsì láti pa dídán, ló gbà wá díẹ̀. Ẹ kọ èjìká sóòrùn, kẹ́ ẹ yí i títí dídán yẹn á fi lọ. Ó ń jẹ ìmọ́lẹ̀ o: ìyára kámẹ́rà (ìdá ìṣẹ́jú àáyá tó fi ń ṣíjú) tó jẹ́ 1/250 lè di 1/60. Ẹ má fi sórí lẹ́ǹsì 16mm tó ń rí ibi tó fẹ̀, sánmà á dúdú lápá kan, á funfun lápá kejì.

Afinimọ̀nà wa wá fa áńkáṣíìfù yọ, ó ń nu èso àjàrà kó lè dán fún wa! Nǹkan funfun bí ẹfun tó ń bo èso yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Ìda tó ti ara èso jáde ni, òun ló ń fún àjàrà dúdú ní àwọ̀ aró nínú fọ́tò. Ibi tí ọwọ́ bá ti nù á máa dán bí ike.

Àfi ìgbà tá a wọ ilé ìpọntí ni nǹkan tó dáa. Bàbá kan ń fi ọ̀pá ti èèpo Pinotage wọnú ọtí tó ń hó. (Àjàrà ibẹ̀ gan-an ni, Abraham Perold, onímọ̀ nípa àjàrà, ló fi oríṣi àjàrà méjì, Pinot Noir àti Cinsaut, bí i ní 1925.) Kí wọ́n tó kí wa tán, wọ́n ti ní ká má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ká má sì yọrí sínú àgbá: afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára ọtí náà wúwo, ilẹ̀ ló ń sùn sí, ó sì ń pànìyàn. Iná LED wọn ń fa ilà dúdú sórí fọ́tò ní 1/250. 1/100 ló pa á rẹ́, torí 50Hz ni iná ilẹ̀ náà, ìgbà 100 ló ń ṣẹ́jú ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọwọ́ bàbá wá ń fà bí èéfín. Bàbá rí i lójú kámẹ́rà, wọ́n rẹ́rìn-ín, látìgbà náà wọ́n ń dúró díẹ̀ kí wọ́n tó ti ọ̀pá, wọ́n á ka 1, 2, ní 3 ìfófòó elésè-àlùkò á ru sókè. Fọ́tò 40 ni mo rí mú níbẹ̀, nínú oko, 2.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ìdajì owó tí ọ́fíìsì ní àwọn máa dá padà ò tíì wọlé.