Àpò aṣọ lítà 40 tí mo fi ń gbin ẹ̀fọ́ ní Thamesmead

Ẹ̀yin tí ẹ háyà ilé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ̀yìnkùlé yín jẹ́ kìkì kọnkéré, àmọ́ tó ń wù yín láti máa já ẹ̀fọ́ tútù lẹ́yìn ilé, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí sí. Àpò aṣọ dúdú tí wọ́n fi ń gbin nǹkan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Tèmi gba ilẹ̀ lítà 40, ó ní ìgbámú méjì, aṣọ rẹ̀ sì ki bíi kóòtù òtútù. Pọ́n-ún 14 ni mo ra márùn-ún. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀gbìn, n kò tíì rí ohun tó dára tó o, bó bá ṣe pé onítọ̀hún á lè máa bomi rin ín.

Nínú ike, bí gbòǹgbò bá dé etí, ṣe ló máa ń yí po títí á fi lọ́ mọ́ra. Nínú àpò aṣọ, bí ṣóńṣó gbòǹgbò bá ti kan atẹ́gùn létí aṣọ, ibẹ̀ ló máa dúró sí, á wá yọ ẹ̀ka wẹ́wẹ́ sínú ilẹ̀. Omi tó bá pọ̀ jù náà á ro jáde. Ní ìlú tí òjò ti ń rọ̀ nígbàkígbà yìí, ìyẹn nìkan tó owó tí mo san.

Àmọ́ ohun tí ẹ bá gbìn sínú rẹ̀ ṣe kókó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ata rodo bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé òun ló kọ́kọ́ ń wá sí wa lọ́kàn, ṣùgbọ́n ooru ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló ń fẹ́. Láti oṣù kejì ni wọ́n ti ń gbin hóró rẹ̀ sínú ilé, lẹ́bàá fèrèsé, ẹ̀rùn òyìnbó á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó pọ́n.

Pọ̀tétò ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, èyí tó máa ń tètè ta. Nígbà tí oṣù kẹta bá ń parí lọ, ẹ bu ilẹ̀ sínú àpò kó dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ ri pọ̀tétò méjì tàbí mẹ́ta tó ti ń rú sí i. Bí ewé bá ṣe ń ga ni kí ẹ máa bu ilẹ̀ kún un. Pọ̀tétò tí oòrùn bá rí á di aláwọ̀ ewé, kò sì ṣeé jẹ, nítorí náà ẹ bò wọ́n dáadáa. Tó bá di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 10 sí 12, ẹ da àpò náà dé, kí àwọn ọmọ máa ṣà á. Àwọn ọmọ mi kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìyẹn!

Lẹ́tùúsì rọrùn jù báyìí lọ. Ẹ wọ́n hóró rẹ̀ sórí ilẹ̀, kí ilẹ̀ tó máa bò ó fẹ́lẹ́ gan-an, torí pé ó ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ kó tó hù. Ewé ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ máa já, ẹ fi àárín sílẹ̀, òmíràn á tún yọ.

Tẹ̀tẹ̀ ni ayọ̀ mi. Lára páálí irúgbìn níbí, ẹ máa rí callaloo tàbí amaranth. Kò fẹ́ òtútù rárá, ẹ jẹ́ kó wọ oṣù kẹfà kí ẹ tó gbìn ín síta. Tẹ́ ẹ bá ń gé orí rẹ̀, á máa pẹ̀ka, ọbẹ̀ kan kò ní parí rẹ̀. Ewédú náà ṣeé gbìn, èèpo hóró rẹ̀ ló le. Ẹ da omi gbígbóná sí i, ẹ tètè sẹ́ ẹ, bí àwọn ìyá wa nílé ṣe máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rùn ọdún yẹn bá tutù, kò ní ṣe dáadáa.

Ó kan ibi tí àpò yìí kù sí. Ó máa ń tètè gbẹ. Ní oṣù keje tí oòrùn bá mú, àràárọ̀ ni mò ń bomi rin ín, nígbà mìíràn ìrọ̀lẹ́ náà. Màmá kan ní ojúlé kejì sí wa, tó mọ ọ̀gbìn dáadáa, ló sọ fún mi pé, “Ọmọ mi, ìka ni kó o tì bọ ilẹ̀ yẹn, má wo ojú rẹ̀.” Òótọ́ ni wọ́n sọ, òkè lè gbẹ kí inú ṣì tutù. Ẹni tó máa ń lọ sílé fún gbogbo oṣù kẹjọ, àfi kó wá ẹni tó máa bá a bomi rin ín, tàbí kó má rà á. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní fúláàtì òkè, omi rẹ̀ á ro sórí ẹni ìsàlẹ̀, ẹ wá abọ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Tí ẹ bá ń rà á, ẹ wo bí wọ́n ṣe rán ìgbámú rẹ̀. Irú kan wà tó pọ́ọ́kú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú okùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi rán an. Ìgbà tí mo gbé e pẹ̀lú ilẹ̀ tútù ló fà ya. Èyí tí mo wá ń lò báyìí, wọ́n rán an lágbèékà, ó sì ti ju ọdún kan lọ. Síbẹ̀, ibi tó máa wà ni kí ẹ ti bu ilẹ̀ sí i, torí ó wúwo gan-an. Àpò méjì ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀: ọ̀kan fún pọ̀tétò, ọ̀kan fún lẹ́tùúsì, kí tẹ̀tẹ̀ wá gba ipò èyí tó bá kọ́kọ́ ṣófo.