Ìlà 12 lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, irọ́ ni: ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra Leaf tòkunbọ̀ ní Adó

Ẹ̀yin ará Èkìtì tí ọ̀wọ́n epo bẹntiróò ti lé dé ìdí mọ́tò oníná, ẹ dúró ná kí ẹ tó sanwó. Àwọn kan wà ní Adó tí wọ́n ń ta Nissan Leaf tí bátìrì rẹ̀ ti gbó, tí wọ́n á sì ṣe é kó dà bíi tuntun lójú ẹni tó ń rà á. Ọ̀kan nínú wọn lù mí ní jìbìtì. Ó ń pè mí ní "ẹ̀gbọ́n mi", ó ń bẹ́rí, ó ń dán mi wò lábẹ́lẹ̀. Owó kọpuréétíìfù ni mo fi rà á, wọ́n ṣì ń yọ ọ́ lórí owó oṣù mi.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Bátìrì Leaf àkọ́kọ́, títí dé ti 2015, jẹ́ 24 kWh (ìwọ̀n iná tó lè gbà nígbà tó wà ní tuntun). Sẹ́ẹ̀lì 192 ló wà nínú ẹ̀, tí wọ́n so ní méjì-méjì di 96. Kò ní omi tó ń tù ú lára, nítorí náà ooru ló ń pa á. Ìlà tínńtín 12 ló wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń sọ bí bátìrì ṣe lágbára sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ńlá tó ń sọ bí ṣáàjì ṣe kù. Ìlà kìíní kì í kúrò àfi tí bátìrì bá ti pàdánù bíi 15%. Lẹ́yìn ìyẹn, bíi 6% ló ń gbé ìlà kọ̀ọ̀kan lọ. Kọ̀ǹpútà inú bátìrì ló ń ṣírò gbogbo ẹ̀. Ohun tí oníjìbìtì ń ṣe ni pé á ki ẹ̀rọ bọ ihò OBD lábẹ́ sítíárì (ihò tí wọ́n fi ń ka kọ̀ǹpútà mọ́tò), á sọ fún kọ̀ǹpútà yẹn pé bátìrì tuntun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sí i. Ìlà 12 á tàn pátá! Bátìrì ò yí padà rárá. Tí mọ́tò bá ti rìn fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kọ̀ǹpútà á tún mọ òótọ́, ìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Tèmi já láti 12 dé 8. Ìlà mẹ́jọ! Ìyẹn ni pé agbára tó kù ò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta.

Ẹni tó tà á fún mi bi mí pé níbo ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní Ìkọ̀lé ni, pé Adó ni mò ń gbé, ó ju kìlómítà 50 lọ ní àlọ nìkan. Ó ní kò sí wàhálà, 2015 ni, 135 km ló ń rìn. Òótọ́ ni pé 135 km ni ìjọba Amẹ́ríkà kọ fún Leaf 2015 nígbà tó wà ní tuntun. Ṣùgbọ́n 2015 kọ́ ni tèmi! Ẹ wo VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò, lábẹ́ gíláàsì iwájú, ẹ ka lẹ́tà kẹwàá: F ni 2015, E ni 2014, D ni 2013. D ló wà lára tèmi. Bátìrì 2015 ni wọ́n tún ṣe kó lè fara da ooru, ti 2013 ò rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin yìí sì kọ 2015 sínú rìsíìtì, ó fọwọ́ sí i.

Tí sẹ́ẹ̀lì kan bá ti rẹ̀, orí òkè lẹ máa ti mọ̀. Bí ẹ bá kọjá Ìfàkì, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ kó gùn, àwòrán ìjàpá á tàn níwájú yín (ìjàpá gan-an ni wọ́n yà síbẹ̀, mi ò ṣeré), mọ́tò á máa wọ́, tírélà á máa fun fèrè lẹ́yìn.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni wáyà ṣáàjì. Ti Amẹ́ríkà ló kó fún mi, 120V, tó ń fa 12A. Ìyẹn 1,440W. Táńsífọ́mà tó fi tì í láti sọ iná 230V wa di 120V, 1,000W ni wọ́n kọ sí i lára! Ó gbóná, ó rùn, ó jó. Tí kò bá tiẹ̀ jó, wákàtí mẹ́jọ ní ọ́fíìsì ò lè fún yín ju bíi 10 kWh lọ. Mo gbé wáyà yẹn fún ríwáyà, ó tú pulọ́ọ̀gì ẹ̀: wáyà pupa kékeré kan, kò gùn ju ìka lọ, ni wọ́n fi so ẹsẹ̀ earth (wáyà tó lọ sí ilẹ̀) mọ́ neutral (wáyà tó ń dá iná padà). Ṣájà kì í ṣiṣẹ́ tí kò bá rí earth, ìdáàbòbò yín nìyẹn. Ọkùnrin yìí tàn án jẹ kó lè tan iná aláwọ̀ ewé lójú mi. Tí neutral bá já níbikíbi, gbogbo irin ara mọ́tò di iná nìyẹn. Ọmọ tó bá di ilẹ̀kùn mú ńkọ́?

Ìjókòó náà, ẹ̀tàn ni. Ó fi lẹ́dà tuntun bò ó, fóòmù abẹ́ ẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ìbàdí á mọ̀ ọ́n kí ẹ tó dé Ọ̀yẹ́. Sítíárì Leaf yìí kì í fà síwájú, òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ló ń lọ, torí náà ìjókòó ni gbogbo ìrọ̀rùn yín. Airbag, àpò afẹ́fẹ́ tó ń gba èèyàn là nínú ìjàǹbá, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, lẹ́dà tó rán pa á lójú ò ní jẹ́ kó jáde. Ẹ wo irin abẹ́ ìjókòó bóyá ó ti dípẹtà, ẹ fa bẹ́líìtì jáde tán. Ẹrẹ̀ ló wà ní ìdí bẹ́líìtì tèmi: mọ́tò tí omi ti gbé rí.

Ẹ má wá bi mí pé ṣé mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo mú mẹkáníìkì dání. Ó gbọ́ pé kò pariwo, ó ní ó dáa! Ó dáa náà, ẹ pè mí ní òmùgọ̀, ṣùgbọ́n ta ló kọ́ wa? Gbogbo àwọn tó ń ta mọ́tò yìí, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bóyá olóòótọ́ kan ṣì wà, mi ò tíì pàdé ẹ̀.

Ẹ ra ẹ̀rọ OBD onibluetooth tí ẹ máa kì bọ ihò yẹn, ẹ gbé Leaf Spy, áàpù tó ń ka bátìrì Leaf, sórí fóònù. Tí SOH (ìdá agbára tó kù nínú bátìrì) bá jẹ́ 99% lára mọ́tò ọdún mẹ́wàá, ó jọ pé wọ́n ti fọwọ́ yí nọ́ńbà náà. Ẹ wo sẹ́ẹ̀lì 96 yẹn bó ṣe ń gun òkè: tí ọ̀kan bá fi 100 mV (ìdá kan nínú mẹ́wàá fóòtì) rẹlẹ̀ sí àwọn yòókù, ẹ padà sílé. Ẹ wà á láti ṣáàjì 100% dé 20%, ẹ má gbà ní 50%, torí ìsàlẹ̀ ló ti ń já lójijì. Wáyà 230V, 10A, ni kí ẹ béèrè. Ní ọ́fíìsì, wáyà 2.5 mm², breaker tirẹ̀, kò sí extension. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀, ṣájà á máa tan iná pupa, torí neutral rẹ̀ kò kan ilẹ̀: kí oníná tó mọṣẹ́ ri irin earth, kó so neutral mọ́ earth níbi jẹnẹrétọ̀ nìkan, kó fi RCD (ẹ̀rọ tó ń gé iná tó bá ń jò) sí i. Ẹ má san owó tán lọ́jọ́ kan. Òfin FCCPC (àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà) ti 2018 wà fún irú ẹ̀, ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Ẹni tó bá sì ti rà lọ́wọ́ irú wọn, kó má ki wáyà ṣáàjì ẹ̀ bọ iná lálẹ́ òní. Ẹ tú pulọ́ọ̀gì yẹn. Tí ẹ bá rí wáyà kékeré láàárín earth àti neutral, ẹ má tún un ṣe, ẹ gbé e jù, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó gbé e jù.