Ilẹ̀ tàbí àga: ìjókòó wo ni kí àlejò mú níbi àjọ̀dún Sawai Gandharva?

Bhimsen Joshi, gbajúmọ̀ olórin, ló dá àjọ̀dún orin yìí sílẹ̀ ní ìlú Pune, lórílẹ̀-èdè Íńdíà, ní 1953, ní ìrántí Sawai Gandharva, ọ̀gá tó kọ́ ọ lórin. Oṣù Kejìlá ni wọ́n ń ṣe é, lábẹ́ àtíbàbà ńlá.

Ní ti owó, ilẹ̀ rọjú. Àga wọ́n jù ú lọ.

Ní ti ara ńkọ́? Olórin kan lè lo wákàtí kan gbáko lórí ráágà (ìlànà ohùn orin Íńdíà) kan ṣoṣo. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni yóò máa fa ohùn, láìsí ìlù rárá, kí tablà, ìlù méjì tí wọ́n ń fọwọ́ lù, tó wọlé. Orúnkún ẹni tó ká ẹsẹ̀ kò sílẹ̀ lè ti máa ké kí ìlù tó dé, kò sì gbọdọ̀ na ẹsẹ̀ sọ́dọ̀ olórin, àrífín ni. Otútù alẹ́ tún wà níbẹ̀. Àga ní tirẹ̀ gba ẹ̀yìn ró.

Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Ẹ ó rí ìyá àgbà tó ń ka tíntáàlì, ètò ìlù tó ń yípo, sórí itan: lílù 16 ní yípo kan, àtẹ́wọ́ ní 1, 5 àti 13, ọwọ́ ṣíṣí láìpàtẹ́wọ́ ní 9. Ẹ fara wé e. Ní tèmi, ìyẹn tó owó tíkẹ́ẹ̀tì.

Bí orúnkún yín bá le, tí ẹ sì ní aṣọ ìbora, ẹ mú ilẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn yín, tàbí tó jẹ́ pé gbogbo ọjọ́ àjọ̀dún náà lẹ fẹ́ lọ, ẹ ra àga.