Ère Durga tí mo rà ní Kumartuli

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Kumartuli, àdúgbò àwọn amọ̀kòkò ní Kolkata ní India, ni mo ti ra ère Durga, òrìṣà obìnrin àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù. Amọ̀ àti koríko gbígbẹ ni wọ́n fi mọ ọ́n. Ọwọ́ mẹ́wàá ló ní, ohun ìjà sì kún un: ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ òrìṣà Shiva, ohun roboto bí àwo láti ọ̀dọ̀ òrìṣà Vishnu.

Nínú Devi Mahatmya, ìwé mímọ́ ẹlẹ́sẹ 700 ti àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, agbára àwọn òrìṣà ọkùnrin ò ká Mahishasura, ànjọ̀nú tó ń di ẹfọ̀n. Durga ló pa á. Èmi tí mo mọ Ọya mọ́ ẹfọ̀n, mo tẹjú mọ́ ère náà títí.

Ojú kẹta iwájú orí rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù: ó tín-ín-rín bí irun, síbẹ̀ ó ń wo èèyàn.

Bí wọ́n ṣe dì í nìkan ni kò dáa. Ìka kan ti dá kí n tó délé. Ẹ ní kí wọ́n fi òwú wé e dáadáa.