Ìwé tòkunbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Wuse: bàbá tó bá mi wá ojú ìwé tó já

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìwé l'Ábújá, ẹ wá gbọ́. Ibi tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù ńlá o, tábìlì méjì ni, tàpólì ló bò ó, bàbá kan ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń tajà níbẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti rí ìwé kan lórí Thomas Wentworth, ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì kan láyé àtijọ́. Wọ́n pè é ní 2,500, mo ná an títí wọ́n fi gbà 1,800.

Ọkùnrin yìí kì í ṣe ẹni kékeré rárá. Ọba Charles Kìíní ló ń bá fà á tẹ́lẹ̀ ní pálámẹ́ǹtì, kódà wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ní 1627 torí kò san owó tí ọba fi túláàsì ní kí aráàlú yá òun, àfi bó ṣe di 1628 tó bọ́ sẹ́yìn ọba, wọ́n fún un lóyè, wọ́n ní kó máa bójú tó àríwá England, nígbà tó fi máa di 1633 ó ti wà ní Dublin tó ń ṣàkóso Ireland. Ó kápá àwọn olè orí òkun, ó mú owó wọ àpò ìjọba, ṣùgbọ́n ọwọ́ líle ló fi ń ṣe gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ábújá yìí á mọ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀, tó mọṣẹ́ gan-an àmọ́ tí gbogbo ọ́fíìsì ń retí ọjọ́ tó máa ṣubú.

1640 ni wọ́n fi jẹ Earl of Strafford, ọdún yẹn náà ni pálámẹ́ǹtì tì í mọ́lé, John Pym ló léwájú wọn. Ẹjọ́ ò rí bí wọ́n ṣe fẹ́, ni wọ́n bá ṣòfin tó máa pa á, 204 sí 59 ni ìbò ẹ̀. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ẹ̀ lọba kọ lẹ́tà sí i pé lórí ọ̀rọ̀ ọba, kò sóhun tó máa ṣe ẹ̀mí ẹ, iyì ẹ àti dúkìá ẹ.

Mo ṣí ojú ìwé tó kàn, kò sí níbẹ̀. Ojú ìwé 16 ló ti já!

Inú bí mi, mo pe bàbá lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, má bínú, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó tà á. Fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì, tí mi ò bá rí òmíràn màá dá owó ẹ padà." Èmi ti gbà pé ó parí nìyẹn. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n pè mí, ẹnì kan ti bá wọn rí i ní Kàdúná, dírẹ́bà ló gbé e wá. Inú ọ̀rá dúdú ló wà, ó ń rùn káńfọ̀, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ fi bírò búlúù kọ orúkọ ẹ̀ sójú ìwé àkọ́kọ́. Bàbá fa àga fún mi, mo sì kà á lábẹ́ tàpólì níbẹ̀.

Ọba fọwọ́ sí òfin yẹn! Èrò ti bo iwájú ààfin, ẹ̀rù ń bà á nítorí ìyàwó àtàwọn ọmọ ẹ̀, Strafford fúnra ẹ̀ sì ti kọ̀wé pé kí ọba má wo ti ìlérí yẹn mọ́. 12 May 1641 ni wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní Tower Hill. Bí wọ́n ṣe ń mú un kọjá, Archbishop Laud, olórí àwọn bíṣọ́ọ̀bù England, tí wọ́n tì mọ́lé ní Tower of London náà na ọwọ́ gba ojú fèrèsé súre fún un, ni Laud bá dákú. Omi bọ́ lójú mi. Ní 1649 tó kan ọba fúnra ẹ̀, ó ní ìdájọ́ àìtọ́ kan tóun jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ ló padà wá bá òun.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Wọn kì í to ìwé, ìtàn àti físíìsì àti ìwé oúnjẹ sísè ló wà lórí ara wọn, ẹ yáa ṣí gbogbo ojú ìwé wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ mú kéṣì dání, tó bá jẹ́ Friday ẹ jẹ́ kí wọ́n kírun Jímọ̀ tán ná. Bàbá ní àwọn máa bá mi wá ìwé lórí Laud, mo ti san owó ẹ̀ sílẹ̀.