Ríháàbù (ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí oògùn ti di bárakú fún) tí mo gbé àbúrò mi lọ lápá Kubwa l'Ábújá: ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún

Mi ò ní dárúkọ wọn síbí o, àbúrò mi ò fẹ́ kẹ́nì kankan mọ ibi tóun lọ, ẹni tó bá nílò ẹ̀ kó wá bá mi ní ínbọ́ọ̀sì. Kẹ̀kẹ́ NAPEP ló ń wà ní Nyanya, trámádọ̀, oògùn ìrora yẹn, ló sì fi ń báṣẹ́ yí, wọ́n ní kì í jẹ́ kó rẹ èèyàn, bó ṣe fi kékeré bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìgbà tó yá àfi 225mg, bẹ́ẹ̀ NAFDAC ò fọwọ́ sí kápúsù tó bá ti ju 100mg lọ.

Ibi tí wọ́n ti gbayì ni dókítà wọn. Kò pariwo mọ́ ọn, kò wàásù fún un, ó kàn ń bi í ní mélòó lóòjọ́, ìgbà wo lo lò ó kẹ́yìn, ṣé gìrì ti gbé ẹ rí? Torí trámádọ̀ tó bá pọ̀ máa ń fa gìrì. Wọ́n yẹ ìtọ̀ ẹ̀ wò, wọ́n wá ń dín in kù fún un díẹ̀díẹ̀. Dókítà ní ibi tí oògùn ìrora tí ara wa fúnra ẹ̀ ń ṣe máa ń jókòó sí nínú ọpọlọ ni trámádọ̀ lọ gbà, ó tún ń da nǹkan míì tó ń jẹ́ serotonin láàmú, ìyẹn ni kì í fi í ṣe ara ríro àti ìgbẹ́ gbuuru nìkan téèyàn bá ṣíwọ́, ẹ̀rù á tún máa bà á ṣáá, oorun ò ní kùn ún.

Kò sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ níbẹ̀ náà, ẹ má rò pé nǹkan kékeré nìyẹn, ṣé ẹ rántí Kaduna ní 2019, àwọn tó lé ní 300 tí ọlọ́pàá kó jáde nílé kéwú tí wọ́n tún fi ń ṣe ríháàbù, tí ṣéènì wà lẹ́sẹ̀ àwọn míì.

Túwó ni ṣáá lálaalẹ́. Owó wọn ò kéré.

Ohun tó bí mi nínú ni ọjọ́ tí wọ́n ní ká máa lọ. Rìsíìtì àti àpò ọ̀rá tí aṣọ ẹ̀ wà nínú ẹ̀ ni wọ́n gbé fún mi, "Madam, ẹ máa gbàdúrà fún un." Kò sí ọjọ́ tá a máa padà wá, kò sẹ́ni tó máa pè wá! Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Ìlọrin ló sáré bá mi ní gétì, ó ní "Àǹtí, ẹ má jẹ́ kó tún lọ lo iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ o, ara ẹ̀ ò gbé e mọ́, èémí ẹ̀ lè dá." Ṣé ẹnu gétì ló yẹ kí n ti gbọ́ irú ẹ̀?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó máa máa pe yín lẹ́yìn oṣù kan. Tí wọ́n bá ní àdúrà ni, ẹ ṣe àmín, kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà dókítà.