Ìbọn Onílà àti Ìbọn Tí Inú Rẹ̀ Dán: Àgbéyẹ̀wò Ibi Ìyìnbọn Afẹ́fẹ́ Kan ní Ìkẹjà

Oríṣi ìbọn afẹ́fẹ́ méjì ni wọ́n ń gbé síwájú oníbàárà níbi ìṣeré yìí. Inú ọ̀pá ti àkọ́kọ́ dán láti ìdí dé ẹnu. Ti èkejì, wọ́n kọ ilà sínú rẹ̀, ilà náà sì ń yí po lọ títí dé ẹnu. Owó onílà ju ti èyí tó dán lọ, mo sì gbà pé ó yẹ bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá fún yín ní ọta tó tọ́ sí i.

Bọ́ọ̀lù irin kékeré ni wọ́n ń kì sínú èyí tó dán. Kò sí ohun tó ń darí bọ́ọ̀lù náà bó ti ń jáde, nítorí náà, bí ọwọ́ yín tilẹ̀ dúró ṣinṣin, ọ̀kan lè bà sí apá òsì bébà, kí èyí tó tẹ̀ lé e bà sí ìsàlẹ̀. Ọta òjé tí ìdí rẹ̀ ṣófo ni ti onílà. Afẹ́fẹ́ a fẹ ìdí òjé rírọ̀ yìí, ilà a gbá a mú, ọta a sì máa yí bí òkòtó bó ti ń lọ. Yíyí yẹn ni kì í jẹ́ kí ó takìtì lọ́nà. Ọ̀kan há nígbà tí mo wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tì í jáde, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́: àpá wẹ́wẹ́ yí etí rẹ̀ ká, gbogbo wọn fì sí ẹ̀gbẹ́ kan náà.

Irú ilà bẹ́ẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ńlá rí ní ilẹ̀ wa. Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ló ń fi ìbọn onílà tí a ń kì láti ìdí ránṣẹ́ sí Èkìtìparapọ̀, ẹgbẹ́ ogun tó ń bá Ìbàdàn jà, nígbà tó jẹ́ pé ṣakabùlà, tí inú rẹ̀ dán tí a sì ń kì láti ẹnu, ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Ìbàdàn. Síbẹ̀, èyí tó dán ní ìlò tirẹ̀: ọdẹ tó ń fi ìbọn olójú méjì wá ọ̀yà kò fẹ́ ilà rárá, torí pé yíyí a máa tú ọta wẹ́wẹ́ ká.

Wọ́n fún wa ní awò ààbò, ibẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Ohun tó bí mi nínú ni pé, nígbà tí òjé tán, bọ́ọ̀lù irin ni wọ́n ń kì sínú onílà, wọn kò sì dín owó. Irin le ju òjé lọ, ó sì ń jẹ ilà. Òṣìṣẹ́ tú ìbọn kan, mo tan iná fóònù sínú ọ̀pá rẹ̀, ilà ẹnu rẹ̀ sì ti ń parẹ́.

Ẹ má sì rò pé ẹ kàn lè ra irú rẹ̀ sílé: Òfin Ìbọn ti 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ ohun ìjà tí a gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ fún. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi agolo òjé hàn yín kí ẹ tó sanwó onílà. Bí kò bá sí, ẹ gba èyí tó dán.